Gọ́tà wo ni káńsù yóò kọ́kọ́ ṣe? Bí alága àti káńsẹ́lọ̀ ṣe ń yan iṣẹ́ ní Èkó

Lọ́jọ́ 12 oṣù Keje ọdún 2025, ìpínlẹ̀ Èkó dìbò yan alága káńsù 57 àti káńsẹ́lọ̀ 376. Ọdún mẹ́rin ni sáà wọn. Ẹgbẹ́ APC ló gba gbogbo ipò alága. Nínú gbogbo káńsẹ́lọ̀ yẹn, ẹyọ kan ṣoṣo ló bọ́ sọ́wọ́ PDP, ní Yábà. Nígbà tó jẹ́ pé ẹgbẹ́ kan náà ló wà lórí àga tó tún wà nínú ilé ìgbìmọ̀, ìbéèrè líle kì í sábà ti inú káńsù wá. Àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò tí gbogbo ènìyàn ń pè ní CDA, àwọn ọlọ́jà, àwọn onílé àti àwọn ayálégbé ló kù tó lè bèèrè pé: nínú gbogbo ohun tó bàjẹ́ yìí, èwo lẹ fẹ́ kọ́kọ́ tún ṣe, kí sì nìdí rẹ̀?

Ìbéèrè yẹn ní ìgbà tirẹ̀. Ohun tí alága bá sọ lórí pèpéle ìpolongo kọ́ ni káńsù máa ń ṣe. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ìṣúná, tí owó sì wọlé fún, ni wọ́n ń ṣe. Láàárín oṣù Kẹjọ sí oṣù Kejìlá ni wọ́n ń ṣètò ìṣúná ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tí omi wọ ilé rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, tó wá gbọ̀nà ọ́fíìsì káńsù lọ fẹjọ́ sùn, ti fi bí oṣù mẹ́fà pẹ́, nítorí owó ọdún náà ti ní ibi tó ń lọ. Lójú tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti wúwo jù ni ètò: iṣẹ́ wo ló ṣíwájú, oṣù wo ni wọ́n ṣe é, ta ló sì jókòó síbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pinnu.

Ta ló ni iṣẹ́ wo?

Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló to iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ọjà, gáréèjì, odò ẹran àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbò wà níbẹ̀. Títì àdúgbò, gọ́tà ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ àti iná ojú títì wà níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni itẹ́ òkú, kíkó ìdọ̀tí, sísọ títì lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé, àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó, owó orí ilé, àti àbójútó ṣọ́ọ̀bù, búkà, ilé búrẹ́dì àti ilé ìfọṣọ. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera jẹ́ àjọṣe pẹ̀lú ìpínlẹ̀.

Ní Èkó, ìpínlẹ̀ ti gba púpọ̀ nínú wọn mọ́ra. LAWMA, àjọ ìpínlẹ̀, àti àwọn alágbàṣe aládàáni tí à ń pè ní PSP ló ń kó ìdọ̀tí. LASAA ló ń mójú tó pátákó ìpolówó. Owó orí ilé ti wọnú Land Use Charge, ìyẹn owó tí ìpínlẹ̀ ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀, tí òfin ọdún 2020 ń darí. SUBEB, àjọ ìpínlẹ̀ mìíràn, ló ń mójú tó ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Afárá Third Mainland, Carter àti Eko Bridge, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Bí ẹnikẹ́ni tó ń du ipò alága bá wá ṣèlérí afárá fún yín, ẹ tètè bi í pé nínú owó wo.

Orí gọ́tà ni ààlà yìí ti ń da ènìyàn láàmú jù. Ọ̀nà mẹ́ta ni omi òjò Èkó ń gbà dé ọ̀sà. Kànálì ńlá tó ń tú sínú ọ̀sà jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Èyí tó kéré sí i, tó ń gba omi àdúgbò méjì mẹ́ta wá sínú kànálì, ti ìpínlẹ̀ náà ni. Gọ́tà ojú títì àdúgbò, èyí tó wà níwájú ilé yín, ni ti káńsù. Ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀sà sì sún mọ́ tòsí; ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ ibùdó tó ń fi ẹ̀rọ fa omi sí Ìdúmàgbò. Bí káńsù bá kó ẹrẹ̀ inú gọ́tà títì mẹ́wàá, tí kànálì tí wọ́n ń tú sí bá kún dé ẹnu, omi yóò padà wá bá ará ilé lọ́jọ́ kan náà. Nítorí náà, lẹ́tà tí alága kọ sí ìpínlẹ̀ nípa kànálì, pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà fáìlì lórí rẹ̀, jẹ́ ojúlówó iṣẹ́. Kò ná káńsù ní kọ́bọ̀. Àwọn CDA tó mọ iṣẹ́ wọn dunjú máa ń bèèrè ẹ̀dà rẹ̀.

Owó 20, ẹnu 57

Nínú owó àpò àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń gba ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpínlẹ̀ ń gba 26.72, ìjọba ìbílẹ̀ ń gba 20.60. Nínú owó VAT, ìyẹn owó orí ọjà, ìdá 35 ni ti ìjọba ìbílẹ̀. Lórí ìwé, èyí dára. Àmọ́ ìjọba ìbílẹ̀ 774 ni ìwé òfin mọ̀ ní gbogbo Nàìjíríà, Kánò ní 44 níbẹ̀, Èkó sì ní 20 péré.

Lọ́dún 2003, ìjọba Bọ́lá Tinúbú, tó jẹ́ gómìnà Èkó nígbà náà, dá káńsù 37 mìíràn sílẹ̀, èyí tí à ń pè ní LCDA. Ààrẹ Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ dá owó ìjọba ìbílẹ̀ Èkó dúró lọ́dún 2004 nítorí rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kejìlá ọdún yẹn, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ààrẹ kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dá owó náà dúró. Ilé ẹjọ́ kan náà tún ní àwọn 37 náà kò tíì pé lójú òfin títí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àpapọ̀ yóò fi ṣe tiwọn. Títí di òní, ilé ìgbìmọ̀ yẹn kò ṣe é. Owó káńsù 20 ló ń wọlé, ẹnu 57 ló ń jẹ ẹ́. Ìpín Lagos Island ni Lagos Island East ń bá a jẹ. Lagos Mainland àti Yábà ń pín ẹyọ kan. Sùúrùlérè, Ìtirè-Ìkátẹ̀ àti Coker-Àgùdà ń pín ẹyọ kan. Ẹ̀tì-Ọ̀sà ń bá mẹ́ta pín tirẹ̀: Ìkòyí-Ọbaléńdé, Ìrù-Victoria Island àti Ẹ̀tì-Ọ̀sà East. Ẹni tó bá fẹ́ fi káńsù Yábà wé káńsù kan ní Kánò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rántí èyí.

Owó náà kì í sì í wá tààrà. Abala 162 ìwé òfin ní kí ó gba inú àpò àjọni ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ kọjá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àti ìpín àwọn ọba, kí èyí tó ṣẹ́ kù tó dé ọwọ́ alága. Lọ́jọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pàṣẹ pé kí wọ́n máa san owó ìjọba ìbílẹ̀ fún un tààrà, ó sì ní ìjọba ìbílẹ̀ tí kò bá ní ẹni tí ará ìlú dìbò yàn kò gbọ́dọ̀ rí owó náà gbà. Nígbà tí ọdún 2025 fi máa parí, àṣẹ ọ̀hún kò tíì múlẹ̀ káàkiri. Awuyewuye lórí àpò tí owó yóò wọ̀ àti lórí ẹni tí yóò máa san owó olùkọ́ ṣì ń lọ. Ìbéèrè kejì yẹn kì í ṣe kékeré. Bí owó bá wá tààrà, tí owó oṣù olùkọ́ náà sì bá a wá, alága tí kò bá fi ti olùkọ́ ṣáájú yóò ti ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé pa.

Owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1998 to ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbowó lé: ṣọ́ọ̀bù àti kíóòsì, ọjà, gáréèjì, odò ẹran, ìwé àṣẹ ọtí, orúkọ títì, àkọsílẹ̀ ìgbéyàwó, títí kan owó tí ẹni tó fẹ́ dí títì fún ìnáwó gbọ́dọ̀ san. Inú àpò káńsù ní báńkì ló yẹ kí ẹni tó jẹ owó san án sí, kó sì gba rìsíìtì tó ní nọ́ńbà. Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni pé ọ̀pọ̀ káńsù máa ń gbé iṣẹ́ ìgbowó fún alágbàṣe tó ń mú ìdá kan nínú rẹ̀, àwọn yẹn á sì gbé e fún ọmọ iṣẹ́ tó ń fi tíkẹ́ẹ̀tì kiri ọjà. Owó tó jáde lápò ìyá oníṣòwò ní Ìdúmọ̀tà lè pọ̀, kí èyí tó dé iwájú akápò má tó nǹkan. Akápò á wá kọ iye tí kò lè wọlé sínú ìwé ìṣúná ọdún tó tẹ̀lé e, nítorí pé iye tó yẹ kó wọlé nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò wò ó. Ká ní káńsù kan kọ bílíọ̀nù náírà 3 sínú ìṣúná: bílíọ̀nù 1.6 fún owó oṣù, díísù, àláwáǹsì àti ìnáwó ọ́fíìsì, bílíọ̀nù 1.4 fún iṣẹ́ ìdàgbàsókè bíi títì, gọ́tà, ọjà. Bí bílíọ̀nù 2 péré bá wọlé lọ́dún náà, owó oṣù kò ṣeé dín. Bílíọ̀nù 1.6 á kọ́kọ́ lọ. Mílíọ̀nù 400 ló kù fún iṣẹ́ tí wọ́n kọ bílíọ̀nù 1.4 sí, kò tó ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ nìyẹn. Bí iṣẹ́ 20 bá wà nínú ìwé, mẹ́rìnlá lè má bẹ̀rẹ̀ rárá. Káńsù tó mọ ohun tó ń ṣe yóò ti to iṣẹ́ 20 náà ní ipò kìíní, ipò kejì, ipò kẹta, tó fi jẹ́ pé bí owó bá kúrú, gbogbo ènìyàn mọ èyí tí yóò dúró. Káńsù tí kò to wọ́n á jẹ́ kí ẹni tó súnmọ́ alága jù pinnu ní oṣù Kẹsàn-án.

Bí iṣẹ́ ṣe ń wọ ìwé ìṣúná

Ìwé ìtọ́sọ́nà máa ń wá láti ilé iṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní káńsù, láti ọ̀dọ̀ ẹnjiníà dé ọ̀dọ̀ dókítà àgbà, yóò kọ ohun tó nílò. Akápò yóò sọ iye tó ń retí. Alága yóò pe ìpàdé àwọn tọ́rọ̀ kàn: CDA, ìgbìmọ̀ tó kó gbogbo CDA pọ̀, àwọn baálẹ̀ àti olóyè, ìyálọ́jà, babalọ́jà, ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìgbìmọ̀ alága, tí igbákejì rẹ̀, akọ̀wé káńsù àti àwọn sùpáfáísọ̀, ìyẹn àwọn tí alága yàn láti máa bójú tó ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, wà nínú rẹ̀, yóò gé e sí ìwọ̀n, tí alága yóò sì gbé e lọ síwájú àwọn káńsẹ́lọ̀. Àwọn yẹn lágbára láti pe ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan wá ṣàlàyé, láti dín, láti gbé owó láti ibì kan sí ibòmíràn. Bí wọ́n bá fọwọ́ sí i tí alága buwọ́ lù ú, ó di òfin káńsù.

Ìpàdé àwọn tọ́rọ̀ kàn yẹn ni ibi tí ará àdúgbò ti ní agbára jù, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń fi í ṣòfò jù. Nígbà míì, ìkéde kì í ju ọjọ́ méjì lọ. Wọ́n á ta kánópì, wọ́n á kí àwọn olóyè títí ọ̀sán á fi pọ́n, àsìkò tó kù fún ará ìlú kò ní tó wákàtí kan. Nínú wákàtí kan náà, ènìyàn mẹ́wàá á dìde láti sọ pé, "Ẹ bá wa ṣe títì wa." Ẹnjiníà kò lè fi ìyẹn ṣírò ohunkóhun. Ohun tó lè fi ṣírò ni ìwé ojú kan tó sọ orúkọ títì, ibi tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, gígùn rẹ̀ ní mítà, iye ilé tí omi ń wọ̀, bóyá ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìwòsàn wà níbẹ̀, ibi tí omi ń tú sí, àti ohun tó dí i. Kí ẹ fi fọ́tò oṣù Kẹfà tàbí oṣù Kẹwàá sí i. Ẹ fún ẹnjiníà ní ẹ̀dà kan, káńsẹ́lọ̀ yín ní ẹ̀dà kan, mánéjà káńsù, ìyẹn olórí àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀, ní ẹ̀dà kan, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ gbígbà sórí ẹ̀dà tiyín. Ìwé bẹ́ẹ̀ ni ẹnjiníà máa ń gbé jáde nígbà tí wọ́n bá ní kó dárúkọ títì mẹ́ta.

Gọ́tà mítà 100

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ síbi gọ́tà kan ṣoṣo, torí níbẹ̀ ni ẹ ó ti rí i bí ètò tí kò tọ́ ṣe ń pa owó. Ká ní títì náà gùn ní mítà 100, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọ̀pọ̀ títì Ẹ̀bùté-Mẹ́ta àti Ìsàlẹ̀ Èkó ti rí. Kí omi tó lè ṣàn dáadáa, gọ́tà gbọ́dọ̀ máa lọ sílẹ̀ bí a ṣe ń rìn lọ. Bó bá lọ sílẹ̀ ní mítà 1 láàárín mítà 200, yóò fi sẹ̀ǹtímítà 50 jìn sí i láàárín mítà 100 yìí. Bí jíjìn rẹ̀ níbi ìbẹ̀rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, yóò di 95 níbi òpin. Tí gọ́tà ńlá tó fẹ́ tú sí bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 70 péré ní jíjìn, omi kò lè wọ ibẹ̀. Yóò dúró, ẹ̀fọn á sì wá máa bímọ sínú rẹ̀.

Ẹnjiníà lè dín ìlọsílẹ̀ náà kù sí mítà 1 láàárín mítà 400. Nígbà náà, sẹ̀ǹtímítà 25 péré ló fi kún un, jíjìn òpin á di 70, omi á kọjá. Àbùkù ibẹ̀ ni pé omi á máa rìn jẹ́jẹ́, yanrìn á máa jókòó, nítorí náà wọn ò ní lè fi í sílẹ̀ fún ọdún méjì kí wọ́n tó kó o. Owó kíkó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣúná lọ́dọọdún. Gọ́tà tuntun tí kò ní owó ìtọ́jú nínú ìwé, gọ́tà tí yóò dí ni.

Ìdí nìyí tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, níbi tí omi ń tú sí, kí wọ́n tó máa gòkè bọ̀. Agbaṣẹ́ṣe tó bẹ̀rẹ̀ láti òkè, nítorí pé ibẹ̀ ló sún mọ́ títì ńlá tí alága ń gbà kọjá, lè dé ìsàlẹ̀ kí ó wá rí i pé gọ́tà òun rẹlẹ̀ ju ibi tí omi ń lọ. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bi ẹnjiníà bóyá wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn gíga ilẹ̀ wá síbẹ̀, kí ó sì fi nọ́ńbà òkè àti ti ìsàlẹ̀ hàn yín.

Kọnkéré gọ́tà sábà máa ń jẹ́ sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, gíránáìtì 4, pẹ̀lú irin nínú ògiri tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 15. Ó gbọ́dọ̀ gba omi fún ọjọ́ méje ó kéré tán kí ó tó le dáadáa. Bí oòrùn bá gbẹ ẹ́ ní ọjọ́ méjì, yóò sán. Sílábù tí wọ́n fi ń bò ó ni èyí tí àwọn ènìyàn kì í wò. Sílábù tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tó gùn ní 90, tó nípọn ní 10, wúwo tó nǹkan bíi kílò 130. Ènìyàn méjì kò lè gbé e. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ kó ẹrẹ̀, wọ́n á fọ́ ọ, wọn ò sì ní dá òmíràn padà, ọmọdé á wá já síbẹ̀ lóru. Bí wọ́n bá dín gígùn rẹ̀ kù sí 45, yóò wúwo tó kílò 65, ènìyàn méjì á gbé e bó bá ní ibi tí ọwọ́ ń dì mú. Orí pépà ni wọ́n ti ń ṣe irú àtúnṣe yìí, kò sì fi nǹkan púpọ̀ kún owó iṣẹ́.

Ohun méjì mìíràn máa ń dí gọ́tà tó dára. Èkíní ni afárá tí onílé ṣe kí mọ́tò lè wọlé: ó da kọnkéré dí gọ́tà, ó fi páìpù ínṣì mẹ́rin kan sábẹ́ rẹ̀, ọ̀rá píọ́wọ́tà mẹ́ta á wá dí páìpù náà pa. Káńsù ní agbára láti ní kí ó tú u, ó sì yẹ kí ó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó ná owó. Èkejì ni ẹrẹ̀ tí wọ́n kó jáde. Bí gọ́tà fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 60, tí ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ga ní 30, mítà 100 á mú ẹrẹ̀ kúbíìkì mítà 18 jáde. Típà tó ń gba kúbíìkì mítà 5 gbọ́dọ̀ wá lẹ́ẹ̀mẹrin. Bí owó típà kò bá sí nínú àdéhùn iṣẹ́, ẹrẹ̀ á wà létí títì, òjò àkọ́kọ́ á sì gbá gbogbo rẹ̀ padà sínú gọ́tà. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni káńsù san owó, ẹ̀ẹ̀kan náà ni owó náà ṣòfò.

Pínpín in sí wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan

Àṣà tó ń ba ètò jẹ́ jù ní káńsù ni ti "wọ́ọ̀dù tèmi ńkọ́?" Káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ iṣẹ́ kan tí òun lè tọ́ka sí. Èyí yé wa. Ará wọ́ọ̀dù rẹ̀ ló dìbò fún un. Ṣùgbọ́n bí owó gọ́tà mítà 400 bá wà, tí wọ́n pín in sí wọ́ọ̀dù mẹ́jọ, mítà 50 ni ẹnì kọ̀ọ̀kan á gbà, tí gbogbo wọn á sì parí sí àárín títì láìdé ibi tí omi ń tú sí. Omi ò mọ ààlà wọ́ọ̀dù. Ohun tó sàn ni kí àwọn káńsẹ́lọ̀ fẹnu kò lórí ètò ọdún mẹ́rin, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀ka ẹnjiníà sì to ó ní ìbámu pẹ̀lú ibi tí omi ń bá lọ: lọ́dún yìí, gbogbo títì tó ń tú sí kànálì kan náà, lọ́dún tó ń bọ̀, èyí tó kù. Wọ́ọ̀dù tí kò gba gọ́tà lọ́dún kìíní á gba iná ojú títì tàbí àtúnṣe ilé ìwòsàn, tí kò sí nínú ìdíje yẹn. Ó ṣòro fún olóṣèlú láti gbà, àmọ́ ìlànà yìí nìkan ni a mọ̀ tó ń mú gọ́tà parí.

Ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Òjò Èkó máa ń pọ̀ jù ní oṣù Kẹfà sí oṣù Keje, ó sì tún ń padà wá ní oṣù Kẹsàn-án àti Kẹwàá. Gọ́tà tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kìíní lè parí kí òjò tó dé. Bí ìṣúná bá pẹ́ di oṣù Kẹta kí ó tó di òfin, tí wíwá agbaṣẹ́ṣe bá gba ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Kẹfà, nínú kòtò tó kún fún omi. Agbaṣẹ́ṣe á máa fi ẹ̀rọ fa omi, á máa bèèrè owó sí i, kọnkéré tó dà sínú omi kò sì ní le.

Ọjà

Ọjà ló sún mọ́ ìwé òfin jù nínú gbogbo iṣẹ́ káńsù, síbẹ̀ owó tó ń jáde láti ọjà kì í sábà padà sí ọjà. Iná jó ní ọjà Balógun lọ́dún 2019, ó tún jó lọ́dún 2020. Nínú irú àdúgbò yẹn, ohun tó yẹ kí káńsù fi ṣe àkọ́kọ́ ni ọ̀nà. Mọ́tò panápaná fẹ̀ ní nǹkan bíi mítà 2.5, bí tábìlì àti agboòrùn bá ti mú títì kù sí mítà 2, omi panápaná kò lè dé ibi tí iná ń jó. Fífi kùn sàmì sí ààlà ìpàtẹ kò wọ́n. Ohun tó ṣòro ni kí àwọn tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó pàtẹ sójú títì dáwọ́ gbígbà dúró, torí bí káńsù bá ń gbowó lórí rẹ̀, kò ní ẹnu láti lé e.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ọjà náà nìyẹn. Wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á gé ríbọ́ọ̀nù, ọdún kan kò ní pé tí wọ́n á fi tì í pa. Ìdí ni pé kò sí omi nínú ìṣirò iṣẹ́, kò sì sí ẹni tí wọ́n ní kó máa san owó fífa sọ́kàwéè. Kí ó tó wọ ìṣúná, ó yẹ kí kànga ẹ̀rọ, ẹ̀rọ tó ń fa omi, tánkì àti ẹni tí yóò máa gbowó nílé náà ti wà nínú ìwé kan náà.

Ọjà Tejúoṣó ní Yábà jó lọ́dún 2007, ọjà tuntun sì ṣí lọ́dún 2014. Ilé náà dára. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó tà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lágbára owó ṣọ́ọ̀bù tuntun, ojú títì àti ẹ̀gbẹ́ rélùwéè sì ń bá a lọ láti kún. Kí káńsù tó fọwọ́ sí àtúnkọ́ ọjà, orúkọ àwọn tó ń tà níbẹ̀, iye tí wọ́n ń san àti ibi tí wọn yóò wà títí ilé yóò fi parí gbọ́dọ̀ ti wà lórí tábìlì àwọn káńsẹ́lọ̀.

Ìjà lórí ẹni tó ń pinnu fún Èkó kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Lọ́dún 1950, Èkó dìbò yan ìgbìmọ̀ ìlú tirẹ̀, Dókítà Abubakar Ibiyinka Olorun-Nimbe sì di olórí ìlú tí wọ́n ń pè ní méyọ̀. Ipò náà kò kọjá ọdún 1953. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó lọ́dún 1955, tí wọ́n ń kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè, LEDB ló ṣe é, àjọ tí ìjọba dá sílẹ̀ lọ́dún 1928 lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn eku. Ará Èkó kò dìbò yan àjọ yẹn. Àwọn tó ní ilé níbẹ̀ kò ní káńsẹ́lọ̀ kan tó lè dá a dúró.

Ohun tí ẹ lè bèèrè, àti ọjọ́ tí ìdáhùn gbọ́dọ̀ wá

Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2025, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé òfin òmìnira ìròyìn ti ọdún 2011 kan gbogbo ìpínlẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni lè kọ̀wé sí mánéjà káńsù, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí tó fi ń bèèrè. Káńsù ní ọjọ́ méje láti dáhùn. Ó lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ọgbọ̀n ọjọ́ wà láti gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ẹ má bèèrè "gbogbo ìwé káńsù". Ẹ bèèrè ìwé ìṣúná tí àwọn káńsẹ́lọ̀ fọwọ́ sí, iye tó wọlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àti fún títì tiyín, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye àdéhùn, ìwé tó to iṣẹ́ àti iye kọ̀ọ̀kan, àti iye tí wọ́n ti san. Ìwé tó to iṣẹ́ yẹn ló ní iye ìgbà tí típà yóò wá, bí sílábù ṣe nípọn tó àti ìwọ̀n irin nínú. Bí wọ́n bá kọ irin mílímítà 12, tí ẹ sì rí 10 nílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré bò ó, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnjiníà àti káńsẹ́lọ̀ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn tí kọnkéré bá ti bò ó, ọ̀rọ̀ ẹnu ni.

Ẹ̀dà lẹ́tà kan gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ olórí ilé ìgbìmọ̀ àwọn káńsẹ́lọ̀, nítorí òun ló lè pe ẹnjiníà wá ṣàlàyé níwájú ilé. Fún ìṣúná ọdún tó ń bọ̀, kí lẹ́tà yẹn ti dé ọ̀dọ̀ wọn kí oṣù Kẹsàn-án tó parí. Fún gọ́tà tó ti wà nínú ìṣúná ọdún yìí, ẹ bá káńsẹ́lọ̀ yín rìn láti ìsàlẹ̀ rẹ̀ dé òkè kí oṣù Kejì tó tán, kí ẹ kọ ohun tó dí i sílẹ̀ ní ilé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ̀yin méjèèjì sì buwọ́ lù ú.